Odó Tí Mo Jókòó Lé ní Adó-Èkìtì

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ò ní gbọ́ iye wákàtí tí mo lò lójú ọ̀nà lẹ́nu mi, ẹ ò sì ní gbọ́ orúkọ gáréèjì kankan. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìyẹn, kó lọ bi àwọn awakọ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni ohun tí ojú mi rí ní Èkìtì, ohun tí ẹnu mi jẹ níbẹ̀, àti ìtìjú kan tó bá mi tó wá di ohun tí mò ń fi yangàn káàkiri Ìjẹ̀bú-Òde báyìí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó gbé mi lọ. Èmi àti Modúpẹ́ ti ń ṣọ̀rẹ́ láti ìgbà tí a jọ wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, tí a jọ ń sùn ní yàrá kan, tí a jọ ń pín ọṣẹ kan lò. Nígbà tó yá, ọkọ gbé e lọ sí Adó, ọkọ gbé èmi padà wá sí Òde. Láti ìgbà tí fóònù alágbèéká ti dé ọwọ́ wa, gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn ìsìn, la máa ń pe ara wa, a sì ní eré kan tí a máa ń ṣe. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á dárúkọ ohun mẹ́ta tó dùn mọ́ ọn jù lọ́sẹ̀ náà. Kò gbọdọ̀ jù mẹ́ta, kò gbọdọ̀ dín. Ó lè jẹ́ àgbàdo tútù, ó lè jẹ́ bàtà tí kò ta ẹsẹ̀, ó lè jẹ́ ìwàásù tí kò gùn. Ti Modúpẹ́ kì í yẹ̀. Iyán tí òun àti ọkọ rẹ̀ jọ gún lọ́jọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ. Màá ní, "Iyán ọ̀sẹ̀ tó kọjá ńkọ́?" Á ní, "Ìyẹn ti tán. Ti òní ni mò ń sọ."

Ọkọ rẹ̀, tí gbogbo àdúgbò Òkè-Ìlá ń pè ní Tísà, kú lọ́dún tó kọjá. Láti ìgbà náà, bí mo bá pè é, tí mo sì ní, "Ó yá, mẹ́ta tìrẹ," ohun tó ń sọ kò ju, "Kò sí, Bísọ́lá." Mo rò pé oṣù mẹ́ta ni yóò fi wí bẹ́ẹ̀. Ó di oṣù mẹ́fà. Ó di ọdún kan, ó tún lé. Èmi nìkan ni mò ń dárúkọ mẹ́ta tèmi lórí fóònù, bí aṣiwèrè. Ó dùn mí gan-an ni, n ò ní purọ́.

Mo wá ro ó pé bí kò bá sí ohun kan tó dùn mọ́ ọn mọ́, màá gbé tèmi lọ bá a nílé. Mo mú ohun mẹ́ta tí mo fẹ́ràn jù láyé tó ṣeé kó sínú báàgì. Ìkíní ni gaarí Ìjẹ̀bú, èyí tó kan dáadáa. Ìkejì ni ewùrà, kí n fi se ikọ́kọrẹ́. Ìkẹta ni ìlarun onígi tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi àti ìgò òróró àgbọn kékeré kan, nítorí pé kí èèyàn jókòó jẹ́ẹ́ kí ẹlòmíràn máa ya irun rẹ̀, mi ò tíì rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ gbà bọ̀ ní pàṣípààrọ̀: kí Modúpẹ́ dárúkọ ẹyọ kan. Kò tilẹ̀ di dandan kó pé mẹ́ta.

Ìyá Ewùrà

Nínú ọkọ̀, obìnrin ará Ìkẹ́rẹ́ kan jókòó tì mí. Kò pẹ́ tó fi ń wo báàgì mi tìfuratìfura.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ewùrà ni mò ń wò yìí?"

"Ewùrà ni."

"Níbo lẹ̀ ń gbé e lọ?"

"Adó-Èkìtì."

Ọkùnrin tó jókòó níwájú yíjú padà wò mí. Awakọ̀ pàápàá wò mí nínú dígí. Obìnrin náà fọwọ́ bo ẹnu, ó ní, "Ẹ̀ ń gbé ewùrà lọ fún ará Èkìtì? Màmá, kí ni wọ́n fi ṣẹ̀ yín?"

Ọkọ̀ hó. Orúkọ mi di Ìyá Ewùrà láti ibẹ̀ lọ. Bí a bá dé ibi tí ọlọ́pàá wà, ọkùnrin iwájú yẹn á ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ, ewùrà wà nínú ọkọ̀." Mo kọ́kọ́ fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ta ni yóò bínú sí irú èèyàn báyẹn? Nígbà tí obìnrin náà fẹ́ sọ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ó ra bọ́ọ̀lì méjì lójú fèrèsé, ó fi ọ̀kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní kí n jẹ ẹ́ kí n tó dé Adó, nítorí bí wọ́n bá rí i lójú mi níbẹ̀ pé ebi ń pa mí, wọn ò ní jẹ́ kí n padà sílé mọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ kò bá tíì dé ọ̀hún rí, ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín pé àpáta wà láyé. Àwa tí ilẹ̀ tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ, bí a bá rí òkìtì èèrà, òkè la máa ń pè é. Ní Ìkẹ́rẹ́, mo rí àpáta tó dúró ṣinṣin lẹ́yìn ilé àwọn èèyàn, tó ga ju ṣọ́ọ̀ṣì lọ, tí obìnrin kan sì ń sá aṣọ sí ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo bi awakọ̀ bóyá kì í ya lulẹ̀. Ó ní, "Màmá, ó ti wà níbẹ̀ kí ìlú tó dé." Síbẹ̀ mo tẹ orí ba títí a fi kọjá.

Ilé tí kò ti sí iyán

Ní Òkè-Ìlá, mo bi káfíńtà kan pé ibo ni ilé Tísà wà. Ọkùnrin náà kò nàka. Ó gbé ayùn rẹ̀ sílẹ̀, ó gba báàgì lórí mi, ó fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu, ó sì ṣíwájú. Lójú ọ̀nà, ó ń kí gbogbo ẹni tó bá rí, ó sì ń ṣàlàyé mi fún wọn: "Àlejò Ìyáàfin Tísà ni. Ìjẹ̀bú ló ti wá." Kí a tó dé ẹnu ọ̀nà, ó tó èèyàn mẹ́wàá tó ti mọ ibi tí mo ti wá. Mo fẹ́ fún un ní nǹkan, ó ní ṣé mo fẹ́ bú òun ni.

Ohun kan tún ya mí lẹ́nu. Ọmọbìnrin kékeré kan tó ń ta ẹ̀pà sísè kí mi, ó sì pè mí ní "ìwọ," èmi tí mo lé ní ọgọ́ta ọdún. Mo fẹ́ là á lójú, àfi bí mo ṣe rí i tó ti kúnlẹ̀ sórí òkúta wẹẹrẹ, tí kò sì dìde títí mo fi dáhùn. Modúpẹ́ ṣàlàyé fún mi nígbà tó yá. Ó ní èdè wọn láti ilẹ̀ nìyẹn. Ó ní inú orúnkún ni ọ̀wọ̀ tiwọn wà.

Modúpẹ́ ti rù. Nígbà tí mo gbá a mọ́ra, mò ń fọwọ́ kan egungun. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ náà kò pẹ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà lọ́dọ̀ rẹ̀, ìyá arúgbó kan tí ọkọ gbé e lọ sí Ìgèdè-Èkìtì, tí wọ́n fi ń pè é ní Ìyá Ìgèdè. Ogójì ọjọ́ ló ní òun fẹ́ fi bá àbúrò òun gbé lẹ́yìn ìsìnkú, kò sì tíì padà sílé di ọjọ́ tí mo dé ọ̀hún.

"Kú ọ̀nà, ọmọ mi," ni ó wí. "Ọ̀nà ò pọn ọ́ lójú? Jókòó. Wọ́n í gbé oúnjẹ bọ̀."

Mo mọ̀ pé 'í' tiwọn ni 'ń' tiwa. Mo jókòó, mo fọ ọwọ́, mo múra iyán. Ìrẹsì ni wọ́n gbé wá.

Mo jẹ ẹ́. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, búrẹ́dì àti tíì ni. Lọ́sàn-án, sẹ̀mó ni. Ẹ̀yin èèyàn mi, Èkìtì ni mo wà o! Iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, gbogbo wa la mọ bó ṣe máa ń lọ. Tí ará Ìjẹ̀bú bá lọ sí Èkìtì tí kò rí iyán jẹ, irọ́ wo ni yóò pa fún wọn nílé? Mo yọ́ wọ kíṣìnnì, mo bi Ìyá Ìgèdè léèrè.

Ìyá wo ẹ̀yìn kó tó dáhùn. "Uyán ò sí nínú ulé yìí mọ́, ọmọ mi. Láti ọjọ́ tí Tísà ti lọ ni odó ti dákẹ́. Àwọn méjèèjì ló máa ń gún un pọ̀, ọmọ odó méjì nínú odó kan. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Àwọn ọkùnrin àdúgbò á máa fi Tísà ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó í gúnyán bí obìnrin, kò dá wọn lóhùn. Nísinsìnyí, Modúpẹ́ ní òun ò lè dá ọmọ odó kan gbé."

"Ẹ̀yin ńkọ́, Ìyá, ẹ ò lè bá a gún un?"

"Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Uyán ogún ọdún a máa jóni lọ́wọ́, ká má tilẹ̀ sọ ti ọdún kan."

N kò béèrè ibi tí odó náà wà. Ká ní mo béèrè ni, ìtàn yìí ì bá ti parí síbí.

Mo gbé tèmi jáde

Ọjọ́ náà ò tíì lọ tán, oòrùn ṣì mú. Mo sọ lọ́kàn mi pé àkókò tó. Mo bu gaarí sí abọ́ mẹ́ta, mo da omi tútù sí i, mo wọ́n ẹ̀pà sí i, mo fi ẹja gbígbẹ sí ẹ̀gbẹ́. Ìyá Ìgèdè fi ṣíbí kan sẹ́nu, ojú rẹ̀ sì fún pọ̀.

"Ó ti kan!"

"Bó ṣe yẹ kó kan nìyẹn, Ìyá."

"Inú báàgì ni ó ti bàjẹ́ àbí látilé?"

Modúpẹ́ mu ṣíbí mẹ́ta. Ó ní, "Ó dára," bí olùkọ́ ṣe máa ń wí fún ọmọ tí kò mọ̀wé kọ, kó má baà sunkún. Ó dá èyí tó kù padà sọ́dọ̀ mi.

Lọ́jọ́ kejì, mo rin ewùrà. Ìyá Ìgèdè gbé àga wá sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, ó ń ṣọ́ mi bí ọlọ́pàá. Ó ní kí ló dé tí mò ń fìyà jẹ iṣu báyẹn. Mo ní iṣu wa kì í bẹ̀rù ìyà. Nígbà tí ikọ́kọrẹ́ jinná, mo bu tirẹ̀ fún un. Ó tọ́ ọ wò. Ó tún tọ́ ọ wò.

"Kò burú," ni ó wí. "Àmọ́ kì í ṣe oúnjẹ. Ìpanu ni."

Ìpanu náà, abọ́ mẹ́ta ló jẹ nínú rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Modúpẹ́ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó jẹ díẹ̀, ó sì dìde. Mo tẹ̀ lé e wọ pálọ̀. Mo ní, "Modúpẹ́, ó yá. Ẹyọ kan péré."

Ó wo àwòrán ọkọ rẹ̀ lára ògiri. "Bísọ́lá, mo mọ ohun tí o wá ṣe. O ṣeun. Ṣùgbọ́n má yọ mí lẹ́nu."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo padà sí kíṣìnnì, mo lọ ń fọ abọ́ tí kò dọ̀tí.

Kóńgò kan fún Tísà

Ìyá Ìgèdè ló ní kí Modúpẹ́ mú mi lọ sí Ìgbẹ́mọ, kí n lọ rí ibi tí ìrẹsì ti ń jáde. Ó jọ pé kí àbúrò rẹ̀ ṣáà jáde nílé ló ń wá. A lọ. Bí a ṣe sọ̀ kalẹ̀ ni òórùn ìrẹsì gba imú mi, òórùn gbígbóná, tó fẹ́ jọ ti ẹ̀pà yíyan. Mo lè dúró síbẹ̀ kí n máa gbọ́ ọ títí ilẹ̀ á fi ṣú.

Obìnrin tí Modúpẹ́ ti máa ń ra ìrẹsì lọ́wọ́ rẹ̀ jókòó sídìí àtẹ, ó ń ṣa òkúta. Mo bi í bóyá ìrẹsì wọn máa ń ní òkúta púpọ̀. Ó ní, "Ẹni tó bá ní kò sí òkúta nínú ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, kò tíì jẹ ẹ́ rí." Ó wá wo ẹ̀yìn Modúpẹ́, ó wò ó títí dé ojú títì. "Ìyáàfin, bàbá wa dà? Bàbá tó máa ń bá wa ṣa òkúta?"

Modúpẹ́ ní, "Wọ́n ti lọ."

Obìnrin náà gbé àtẹ sílẹ̀. Kò ní kí Ọlọ́run tu ẹnikẹ́ni nínú, kò ní bí ayé ti rí nìyẹn. Ó di ọwọ́ Modúpẹ́ méjèèjì mú fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọn ìrẹsì tí a rà, ó sì tún wọn kóńgò kan lé e, ó kún dẹ́múdẹ́mú. Ó ní, "Tiwọn nìyẹn. Ẹ bá wọn jẹ ẹ́."

Modúpẹ́ gbé àpò ìrẹsì náà lé ẹsẹ̀ títí a fi dé Adó. Lójú ọ̀nà, ó sọ̀rọ̀ Tísà fún mi fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti dé. Ó ní kì í ṣe òkúta ni ọkùnrin náà ń ṣa níbẹ̀, òfófó ni. Ó ní yóò jókòó sáàárín àwọn obìnrin náà, yóò mọ ẹni tó lóyún àti ẹni tó ń bá ọkọ jà, gbogbo rẹ̀ ni yóò sì wá rò fún òun nídìí odó. Ó sọ̀rọ̀ débẹ̀, ó gbé ojú sí fèrèsé. Mò ń retí kó dárúkọ nǹkan kan. Kò dárúkọ nǹkan kan.

Àga tí kì í ṣe àga

Ó ku ọ̀la kí n padà. Ohun mẹ́ta tí mo gbé wá, ó ku ẹyọ kan, èyíinì ni ìlarun. Mo ní kí Modúpẹ́ jẹ́ kí n di irun fún un bí ìgbà tí a wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó kọ̀, mo bẹ̀ ẹ́, ó ní ó dáa, òun ń bọ̀.

Mo wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Ní ẹ̀yìnkùlé, lábẹ́ fèrèsé kíṣìnnì, mo rí àga kan tí kò ní ẹ̀yìn, ó rí kìrìbìtì, wọ́n fi aṣọ ìbora ọkùnrin wé e dáadáa títí kanlẹ̀. Mo ní àwọn ará Èkìtì mà mọ àga tọ́jú o. Mo tẹ́ ẹní sí iwájú rẹ̀, mo gbé ìlarun sórí itan, mo jókòó. Ó le díẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbà mí. Mo pè é: "Modúpẹ́ o! Mo ti jókòó!"

Ó yọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wò mí. Ó lọgun tí ẹyẹ fi fò kúrò lórí òrùlé.

"Dìde! Bísọ́lá, dìde níbẹ̀! Odó ni! Odó Tísà ni!"

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ mọ̀ pé a kì í jókòó lórí odó. Èmi náà mọ̀. Ìyá mi na mí nítorí rẹ̀ nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n odó tí wọ́n dorí rẹ̀ kodò, tí wọ́n wá wọ aṣọ fún, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Àlejò ní ojú, kò fi ríran. Mo fò dìde, ìlarun já bọ́, mo kúnlẹ̀ fún ọ̀rẹ́ mi bí ọmọ ẹlẹ́pà yẹn ṣe kúnlẹ̀ fún mi. Modúpẹ́ fọwọ́ bo ojú. Mi ò mọ̀ bóyá ìbínú ni tàbí ẹkún.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìgèdè jáde. Ó wo odó, ó wò mí, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mẹta.

"Há! Ó tán. Àlejò ti jókòó lé odó ulé. Àfi kí ẹ gúnyán nínú rẹ̀ lónìí olónìí, kí oòrùn tó wọ̀. Ẹni tó jókòó lé e àti ẹni tó ni ín, àwọn méjèèjì ni. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, uyán ìdílé yìí á máa ní kókó títí dé orí àwọn ọmọ ọmọ."

"Ìyá," ni Modúpẹ́ wí, "ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni wá."

"Ṣé mo ní kí ẹ bọ odó ni? Mi ò ní kí ẹ bọ ọ́. Gígún ni mo ní kí ẹ gún un."

Kí a tó dáhùn, Ìyá ti wọlé, ó ti gbé iṣu mẹ́ta jáde lábẹ́ tábìlì kíṣìnnì. Iṣu oko Ìgèdè ni, ó tóbi bí itan mi. N kò mọ ọjọ́ tó ti kó wọn pamọ́ síbẹ̀. Ó ń bẹ iṣu, ó ń ké sí wa pé oòrùn ń lọ. Modúpẹ́ dúró, ó wo odó náà títí. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀, ó tú aṣọ ọkọ rẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó ká a sí mẹ́rin, ó gbé e fún mi mú. Àwa méjèèjì la yí odó náà dorí. Aláǹtakùn ti kọ́lé sínú rẹ̀. Kí iṣu tó jinná, a ti fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Ọmọ odó méjì

Mo ti gúnyán rí láyé mi, èmi nìkan, nínú odó kékeré, bó ṣe wù mí. Gígún méjì nínú odó kan, ìyẹn yàtọ̀. Bí tèmi bá ń lọ sókè, tirẹ̀ gbọ́dọ̀ máa bọ̀ wálẹ̀. Modúpẹ́ ní kí n má wo ọwọ́ òun, kí n fetí sí odó. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Kọ́! Ọmọ odó mi gbá tirẹ̀.

"Fetí sílẹ̀, mo ní."

Kọ́! Lẹ́ẹ̀kan sí i. Iṣu kan ta jáde, ó bà mí níwájú orí. Ìyá Ìgèdè ní àdúrà àwọn ará Ìjẹ̀bú ti gbà, iṣu ti wá bá wọn fúnra rẹ̀.

Ni Modúpẹ́ bá bú sẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín músẹ́ ọjọ́ ikọ́kọrẹ́ o. Ẹ̀rín tí mo mọ̀ mọ́ ọn ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ni, tí wọ́n máa ń tìtorí rẹ̀ fìyà jẹ wá. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi gbára lé ọmọ odó. Bó ṣe ń rín in ni mo gbọ́ tí ẹ̀rín náà yí padà, tó di ẹkún, tí èjìká rẹ̀ ń mì. Mo fẹ́ gbé ọmọ odó sílẹ̀ kí n dì í mú.

"Ẹ má dáwọ́ dúró!" ni Ìyá Ìgèdè wí. "Usu í tutù."

Modúpẹ́ fi èjìká nu ojú, ó sì gbé ọmọ odó sókè. Mo gbé tèmi. Ó ń sunkún, ó ń gún un. Ó ní, "Tísà náà kì í gbọ́ràn. Bẹ́ẹ̀ lòun náà máa ń gbá tèmi." Mo dijú, mo fetí sí odó bó ṣe wí. Gbì, gbì, gbì, gbì. Ó bọ́ sí i. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ọwọ́ tó ń ro mí.

Ẹnì kan kan ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Ìyá Bùnmi ni, aládùúgbò tó ń ta ọjà níwájú ilé kejì. Abọ́ ẹ̀fọ́ rírò oníìdérí ló gbé dání.

"Mo gbọ́ odó," ni ó wí. "Mo ní bóyá etí mi ni. Mo pa ṣọ́ọ̀bù dé, mo tún gbọ́ ọ. Mo ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni, uyán òní ò gbọdọ̀ wá ọbẹ̀ kiri." Ó wo Modúpẹ́, ó gbé abọ́ sílẹ̀, òun náà sì bẹ̀rẹ̀ sí nu ojú.

A jẹun lórí ẹní tí mo tẹ́ fún irun dídì. Iyán náà ní kókó, ó pọ̀. Bí ẹnì kan bá bá kókó pàdé, á gbé e sókè, á ní, "Ti Ìjẹ̀bú nìyí o." Modúpẹ́ jẹ tirẹ̀ tán, ó sì tún bù sí i. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó sáàárín ẹsẹ̀ mi fún irun rẹ̀. Orí àga oníke ni mo wà lọ́tẹ̀ yìí, mo sì kọ́kọ́ yẹ abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa. Mo ya irun rẹ̀ tó ti funfun, mo fi òróró àgbọn ra á lórí. Ó ń tòògbé. Ẹnu ń yún mi láti bi í pé, ẹyọ kan ńkọ́? Mo pa ẹnu mi dé.

Mo padà dé

Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí mò ń bọ̀, Ìyá Ìgèdè di iṣu ńlá méjì fún mi, ó ní kí n lọ fi han àwọn ará Ìjẹ̀bú ohun tí à ń pè ní iṣu. Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní, "Ìyá, èèwọ̀ odó yẹn, pé ẹni tó jókòó lé e àti ẹni tó ni ín gbọ́dọ̀ gún un pọ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Lẹ́nu ta lẹ ti gbọ́ ọ?"

Ìyá wo ẹ̀yìn bó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi náà, ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ."

Ó ní òun náà yóò padà sílé òun ní Ìgèdè lọ́sẹ̀ náà. Ó ní odó ti ń fọhùn, kí ni òun tún ń ṣọ́.

Mo dé ilé pẹ̀lú iṣu méjì, ọwọ́ tó bó, àti ọkàn tí kò balẹ̀, nítorí n kò gbọ́ ohun tí mo bá lọ. Modúpẹ́ kò dárúkọ ẹyọ kan. Mo rò ó pé bóyá ọjọ́ kan ṣoṣo ni, bóyá wọ́n ti dorí odó kodò padà, tí wọ́n ti wé e ní aṣọ.

Ọjọ́ Ìsinmi dé. N kò tíì bọ́ gèlè ṣọ́ọ̀ṣì tí fóònù fi dún. Òun ló pè mí, láti ìgbà tí Tísà ti kú, kò pè mí rí. Mo gbé e. N kò gbọ́ ohùn, ohun tí mò ń gbọ́ ni gbì, gbì, gbì. Lẹ́yìn náà ni ohùn rẹ̀ dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Mo gbé fóònù sójú fèrèsé, nítorí náà tẹ́tí dáadáa. Ìkíní, ìrẹsì Tísà, mo sè é lánàá, mo ṣa òkúta rẹ̀ fúnra mi. Ìkejì, Ìyá Bùnmi wá mú ọmọ odó kejì, kò sì mọ̀ ọ́n gún jù ọ́ lọ. Ìkẹta." Mo gbọ́ tó gbé fóònù wá sétí. "Ìkẹta, obìnrin Ìjẹ̀bú kan wá sílé mi, ó wo gbogbo àga tó wà níbẹ̀, orí odó ọkọ mi ló lọ jókòó lé."

Mo fi gèlè nu ojú.

"Bísọ́lá? O ti sùn ni? Ó yá, mẹ́ta tìrẹ."

Mo ní, "Ẹyọ kan ni mo ní lọ́sẹ̀ yìí."

"Kò gbọdọ̀ dín ní mẹ́ta. O mọ òfin. Èwo ni ẹyọ kan ọ̀hún?"

Mo ní, "Gbé fóònù padà sójú fèrèsé, kó o sì máa gún un lọ."